Ta ló ti ka ìwé àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ní Antwerp yìí? Oúnjẹ ò wọlé fún mi mọ́

Àdùkẹ́_Fádéyí · Sọ́ńdè, 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ka ìwé kan tán lọ́sàn-án òní. Ẹ̀bà tí mo tẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ níwájú mi, ó ti le bí òkúta.

On Black Sisters' Street lorúkọ ìwé náà, Chika Unigwe ló kọ ọ́. Èdè Dutch ló kọ́kọ́ fi jáde ní 2007, ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 2009, òun náà ló gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ NLNG, ti ilé-iṣẹ́ gáàsì yẹn, ní 2012, 100,000 dọ́là. Abẹ́ bíríjì Ojúẹlẹ́gbà ni mo ti rí tèmi, láàárín ìwé JAMB àti ìwé àwọn pásítọ̀ lórí bí a ṣe ń yan ọkọ. Ẹni tó ń tà á pe 2,500, mo ná an dé 1,500.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kà á: ọmọbìnrin mẹ́rin, Sisi, Efe, Ama àti Joyce, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dele kó láti Èkó lọ sí Antwerp nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kí wọ́n máa dúró nínú fèrèsé gíláàsì, kí ọkùnrin máa wá yàn wọ́n bí ẹni ń yan ẹja. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, lábẹ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mádáàmù. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu, wọ́n jọ ń bú ara wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹnìkejì ti ṣẹ̀ wá ní ti òótọ́. Ìgbà tí wọ́n pa Sisi ni àwọn mẹ́ta tó kù tó jókòó, tí wọ́n wá ń sọ ìtàn ayé wọn fún ara wọn. Ibẹ̀ ni Joyce ti ní òun kì í ṣe Joyce rárá, Alek lorúkọ òun, ọmọ Sudan lòun.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ọ̀rẹ́ làwọn wọ̀nyí, àbí ìyà ló kàn kó wọn sójú kan?

Dèjì_Alátakò · 9:55 alẹ́

Ẹ ṣeun o. Èmi tí mo fẹ́ lọ rà á lọ́la, ẹ ti pa Sisi fún mi.

Àdùkẹ́_Fádéyí · 9:59 alẹ́

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni ìròyìn ikú rẹ̀ ti dé. Ohun tó gbé e débẹ̀ lẹ máa wá kà, mi ò tíì fọwọ́ kan ìyẹn.

BàbáÌbejì_Ọgbà · 10:20 alẹ́

Mo ti kà á, ó sì bí mi nínú, nítorí Ọgbà níbí ni Sisi ti wá. Chisom lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Yunifásítì Èkó ló ti jáde, ó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ káàkiri títí ọwọ́ fi ń ro ó, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá rẹ̀ sì ti fọkàn sí i pé ọmọ yìí ni yóò fa àwọn jáde nínú ìṣẹ́. Tí ẹ bá dé Ọgbà lónìí, ẹ ó rí Chisom bíi mélòó kan lábẹ́ agboòrùn níbi tí wọ́n ti ń ṣe POS, dìgírì wọn wà nínú báàgì.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́. Mẹ́ta nínú wọn mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ ṣe. Joyce nìkan ni wọ́n tàn, òun ni wọ́n sọ fún pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń lọ tọ́jú. Gbèsè ni àwọn yòókù ò ṣírò. 30,000 yúrò ni Dele kọ sí wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ń san 500 lóṣù, oṣù 60 nìyẹn, ọdún 5 gbáko lórí ìdúró nínú gíláàsì, ká tó máa sọ ti oúnjẹ àti owó yàrá. Bírò ni mo fi ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà. Ìyàwó mi yọjú, ó ní ta ni mo tún fẹ́ lọ yá lówó.

Nọ́ọ̀sì_Èbúté · 10:41 alẹ́

“Wọ́n mọ̀” yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra sọ ọ́.

Ọmọ ọdún 16 ni Efe nígbà tí àgbàlagbà olówó kan fún un lóyún tó sì kẹ̀yìn sí i. Ama ńkọ́? Ọkùnrin tó ń pè ní bàbá, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sọ́ọ̀ṣì, ló ń wọlé tọ̀ ọ́ lóru láti kékeré. Àwọn wọ̀nyí ni Dele wá bá, tó wá bi wọ́n pé ṣé wọ́n á lọ. Àdéhùn Palermo tí àjọ UN ṣe ní 2000 ti sọ ọ́ gbangba: bí èèyàn bá fi àìní ẹlòmíì mú un láti fi ṣòwò, pé onítọ̀hún gbà láti lọ kò wẹ ẹni tó tà á mọ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i, ibẹ̀ náà ni a sì ti rí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003.

Mo máa ń rí wọn níbi iṣẹ́, àwọn tó ti Líbíà dé. Ohun tí àdúgbò kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni “kí lo mú bọ̀?” Wọn kì í bi wọ́n pé “kí ni wọ́n fi ẹ́ ṣe?”

BàbáÌbejì_Ọgbà · 10:47 alẹ́

Mo gbà, Nọ́ọ̀sì. Mo káwọ́ ọ̀rọ̀ mi padà. Ìṣírò gbèsè yẹn ni mi ò ní ká.

Màmá_Ìsàlẹ̀Èkó · Mọ́ńdè, 5:32 àárọ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o káre. Lẹ́yìn àsùbáà ni mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ mi obìnrin ló ka ìwé yẹn sí mi létí lọ́dún tó kọjá, nítorí ojú mi ò gba lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Tó bá dé ibi tó burú, ó máa ń fò ó, èmi náà á ní kó padà síbẹ̀.

O ní ìyà ló kó wọn jọ. Ta wá ni ìyà ò kó jọ nínú Èkó yìí? Láti 1998 ni èmi àti Ìyá Lékan ti jọ wà lójú kan ní Ìdúmọ̀tà. Ó ń ta léèsì, mò ń ta ìborùn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀, òun ló gbé mi gun ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó fi ìró tú lára rẹ̀ so àwa méjèèjì pọ̀ kí n má baà já bọ́. Ṣìmí nìkan ló wà ní ìdí rẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Ó fi ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n jí léèsì rẹ̀ méjì lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ létí mi, ẹlòmíì ló sọ.

Wàyí o, ọdún 14 lẹ́yìn tí a pàdé ni ìyá rẹ̀ kú. A lọ sí Ìkòròdú lọ sin ín. Wọ́n ń pariwo “Mosúnmọ́lá! Mosúnmọ́lá!” Mò ń wẹ̀yìn wò pé ta ni wọ́n ń pè. Ọ̀rẹ́ mi ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Lékan nìyẹn.

Nítorí náà, má fi orúkọ díwọ̀n ọ̀rẹ́ fún mi. Àwọn ọmọ yẹn ò purọ́ fún ara wọn láti fi rẹ́ ara wọn jẹ. Ojú ló ń tì wọ́n. Ẹni tó ru ẹrù tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn kì í dúró bi ẹni tó ru tirẹ̀ pé kí ló dì.

Sùrùlérè_Boy · 7:15 àárọ̀

Màmá, ẹ ti pa ọ̀rọ̀ náà o. Mo kí Ìyá Lékan.

Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu: orúkọ wa ni Dele ń jẹ́ káàkiri inú ìwé yẹn. Ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n ní ó ń kó ọjà wọlé, ó ń kó ọjà jáde. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá ronú pé ọjà wo ló ń kó jáde. Ẹ̀rín náà há mi lọ́fun.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Efe. Ìwé náà sọ bí ọjọ́ iwájú wọn ṣe máa rí. Efe san gbèsè rẹ̀ tán, òun náà wá di Mádáàmù! Ó ń lọ síbi gbàǹjo ní Brussels, ó ń ra ọmọbìnrin. Ẹni tí wọ́n tà, tó sunkún Sisi, ló tún dìde lọ ra ọmọ ẹlòmíì. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?

Akọ́mọlédè_Yábàá · 7:58 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí n tó wọ kíláàsì.

Efe ni mo rò pé ó jẹ́ kí ìwé náà jẹ́ òótọ́. Ká ní gbogbo wọn di èèyàn mímọ́ ni, mi ò bá gbé e jù sí kọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ọ̀gá ṣe ń lu ọmọ iṣẹ́ ní ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí ọmọ iṣẹ́ náà bá gba fúríìdọ́ọ̀mù, kí ló ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Joyce o. Òun padà wálé, ó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Yábàá níbí, orúkọ Sisi ló fi sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo kà á, mo wo pátákó ilé-ìwé tó pọ̀ lọ ní òpópónà wa, mo ní ta ló mọ òkú tí olúkúlùkù wọn ń rántí.

Orúkọ òpópónà tó wà nínú àkọlé yẹn náà, òótọ́ ni. Ó wà ní Antwerp, Zwartezusterstraat ni ìwé náà pè é. “Arábìnrin dúdú” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn dúdú o. Àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà kan ni, wọ́n máa ń wọ aṣọ dúdú, iṣẹ́ wọn ni láti máa tọ́jú aláìsàn. Unigwe fúnra rẹ̀ gbé ní Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tó ń ṣèwádìí, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì kékeré àti bàtà gígùn tó dé itan, ó lọ sí àdúgbò àwọn aṣẹ́wó náà kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tiwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní SS3 gbọ́ èyí, ọ̀kan bi mí pé “Sà, ọkọ rẹ̀ ńkọ́?” Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Ọmọ_Oyíngbò · 12:30 ọ̀sán

Èmi ò lè ka irú ìwé yìí láé. Ẹ̀kúnwó ọkọ̀, iná tí ò sí, onílé tó ń kanlẹ̀kùn. Tí mo bá tún lọ fi 1,500 ra ẹkún, orí mi ò pé nìyẹn.

Àdùkẹ́_Fádéyí · 12:44 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn. Èmi náà ò lè kà á léraléra. Ti Ama, ọ̀sán nìkan ni mo ń kà á, níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dìde lọ wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ti Joyce, nígbà tí wọ́n ya wọ ilé wọn ní Sudan, inú BRT ni mo wà. CMS ni mo ti wọ̀ ọ́, Fádéyí ló yẹ kí n sọ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, Máríláńdì ni mo bá ara mi. Màmá kan tó jókòó tì mí fún mi ní tíṣù, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ṣáà ní “Pẹ̀lẹ́, á bùṣe.” Ó rò pé wọ́n kọ̀ mí sílẹ̀ lórí fóònù.

Dèjì_Alátakò · 1:10 ọ̀sán

Mo ti ka ojú ìwé 90 lórí fóònù láti àárọ̀. Ọ̀gá mi ní kí ló dé tí mo fi ń mí kanlẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé òkú Sisi padà wá ṣépè. Ṣé òótọ́ ni?

Sùrùlérè_Boy · 1:22 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Sisi ti ní òun ò san gbèsè mọ́, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ òyìnbó kan tó fẹ́ràn rẹ̀, Luc. Segun tó ń bá Mádáàmù ṣiṣẹ́ ló fi hámà pa á. Kí ẹ̀mí rẹ̀ tó lọ pátápátá, ó gba Èkó kọjá, ó wọ ilé Dele, ó dúró lórí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì níbi tí wọ́n sùn sí, ó sì ṣépè fún wọn. Mo pàtẹ́wọ́!

Nọ́ọ̀sì_Èbúté · 1:40 ọ̀sán

Èmi ò pàtẹ́wọ́ o. Kí lọmọ mọ̀? Wọn ò rán Dele níṣẹ́.

Màmá_Ìsàlẹ̀Èkó · 2:05 ọ̀sán

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti ní kí ọmọ mi pa ìwé dé. Ẹ̀san ò gbóògùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Dele ló yẹ kó bá ṣe é, kí ẹsẹ̀ Dele wú, kí owó rẹ̀ di ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń sùn!

Ẹ rántí ohun tí Ọba Ewuare Kejì ṣe ní Benin ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ó pe àwọn aláwo jọ, ó tú gbogbo ìmùlẹ̀ tí wọ́n fi irun àti èékánná de àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n tó kó wọn lọ. Àwọn tó ń kó wọn lọ gan-an ló wá fi gégùn-ún, kò fọwọ́ kan ọmọ wọn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Sùrùlérè_Boy · 2:11 ọ̀sán

Màmá, ọmọ ta ni Sisi náà? Òun náà ní bàbá tó ń dúró dè é.

Màmá_Ìsàlẹ̀Èkó · 2:19 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò yí padà.

Àdùkẹ́_Fádéyí · 9:02 alẹ́

Màmá, ọ̀rọ̀ Ìyá Lékan tí ẹ sọ láàárọ̀ ò jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe. Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi béèrè.

Ní 2016, mo gba yàrá kan ní Fádéyí, ojúlé mẹ́jọ, balùwẹ̀ kan. Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ dá owó rẹ̀. Yẹ́lò ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí ó pupa. Ó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà Òjúwòyè, mò ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Sítóòfù kan la ní. Tí kẹrosíìnì bá tán, ó máa ń rẹ gàárì sínú ife onírin kan, á fi ṣíbí fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá tèmi ló máa ń pọ̀ jù, á ní òun ti jẹ mọ́ínmọ́ín ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì ń jẹ ẹ́.

Ní 2019, ó ní oníbàárà òun kan ti bá òun ríṣẹ́ ní Dubai. Mo bá a ká aṣọ. Ó fi sítóòfù sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo lọ sí tèṣọ́n. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fa ìwé ńlá kan síwájú, ó ní “Orúkọ?” Mo ní Yẹ́lò. Ó wò mí. Ó ní orúkọ bàbá ńkọ́, ìlú wo, ìdílé wo?

Mo mọ̀ pé kì í jẹ ẹyin. Mo mọ̀ pé 39 ni bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ka owó lójú oorun. Kò síbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú ìwé wọn. Ọ̀gá náà fi bírò bọ àpò, ó ní kí n padà wá tí mo bá mọ ẹni tí mò ń wá.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ibi tí Joyce ti ní Alek lòun ń jẹ́, mo ti ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó yọ ọ́.

Ọmọ_Oyíngbò · 9:09 alẹ́

Hàà. Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Ẹ foríjì mí pẹ̀lú ohun tí mo sọ lọ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì_Èbúté · 9:16 alẹ́

Ẹ gbọ́, àbúrò mi, kò tíì pẹ́ jù. NAPTIP ní ẹ̀ka ní Èkó níbí. Ẹ ní fọ́tò rẹ̀? Nọ́ńbà fóònù tó ń lò? Ọjọ́ tó kúrò? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání, kódà kó jẹ́ Yẹ́lò náà lẹ máa kọ.

Àdùkẹ́_Fádéyí · 9:20 alẹ́

Fọ́tò kan ni, níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹlòmíì ni wọ́n ń yà, òun ń kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú àwo jọ̀lọ́ọ̀fù.

Màmá_Ìsàlẹ̀Èkó · 9:27 alẹ́

Rìsíìtì owó ilé ńkọ́? Ẹ̀yin méjì lẹ sanwó. Onílé ò kọ orúkọ?

Àdùkẹ́_Fádéyí · 10:14 alẹ́

Màmá, mo ti tú gbogbo àpótí. Mo rí i, ti 2016. Ẹ mọ ohun tí Bàbá Onílé kọ síbẹ̀? “Mo gba owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́ àti Yẹ́lò.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ará ilé fi kanlẹ̀kùn.

Akọ́mọlédè_Yábàá · 10:21 alẹ́

Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ irun? Tó bá gba fúríìdọ́ọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ á ti kọ orúkọ rẹ̀ pé sórí ìwé ẹ̀rí. Wọn kì í kọ ìnagijẹ síbẹ̀.

Àdùkẹ́_Fádéyí · 10:23 alẹ́

Òjúwòyè yẹn kan náà ló ti kọ́ṣẹ́! Fúríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ gan-an ni mo ti jẹ ìrẹsì tutù tó jẹ́ kí inú run mí. Kí ló dé tí mi ò ronú kàn án láti ọjọ́ yìí? Mò ń lọ ní Sátidé.

Dèjì_Alátakò · 10:31 alẹ́

Ẹ má dá lọ. Ìyá mi ta ata nínú ọjà yẹn fún ọdún 20, kò sí ìsọ̀ tí wọn ò ti mọ̀ mí. Aago 10, níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta adìẹ. Ẹ bá mi mú ìwé náà dání, fóònù mi ti ń pa mí lójú.